Aṣọ Lè Dúró

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ aṣọ rán, òótọ́ ló sọ. Bó bá sọ fún yín pé aṣọ náà á tètè jáde, irọ́ ló pa. Ṣọ́ọ̀bù wa kángun sí ara wọn. Èmi ń gẹrun, òun ń ránṣọ, pákó fẹ́lẹ́ kan ló là wá láàárín, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún tí etí mi kì í gbọ́. Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù, ju ìró máṣíìnì lọ, ni “Ó kù díẹ̀.” Kọ́là ló kù. Bọ́tìnnì ló kù. Mo kàn fẹ́ lọ̀ ọ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ládùúgbò, wọ́n ń pè é ní Àǹtí Ó-Kù-Díẹ̀, òun náà sì ń dáhùn láìtijú.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀lẹ níwájú mi, a jọ máa wọ̀yá ìjà ni. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kò lè rí ojú rírán tó wọ́ kó fi í sílẹ̀. Á ti parí gáùn tán, á gbé e sókè sí iná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìkejì ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bí aṣọ bá kún inú ṣọ́ọ̀bù dé òrùlé, bí oníbàárà kan bá tún yọjú, á ní, “Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn.”

Ìgbà tí fóònù olójú gbọọrọ dé ọwọ́ rẹ̀ ló rí ọ̀nà tuntun tí á máa fi tù wọ́n nínú. Ó dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí Wasáàpù fún àwọn oníbàárà, ó fi fọ́tò téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣe ojú rẹ̀. Bó bá ti rán apá kan mọ́ búláúsì, á gbé e kọ́, á ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí apá wà, á fi ránṣẹ́. Ẹni tó ni aṣọ á rò pé ó ti parí, á rọ̀jò àdúrà sí i. Èmi á máa rẹ́rìn-ín lódìkejì pákó, oníbàárà tèmi á ní kí n rọra, pé abẹ wà lọ́wọ́ mi.

Màámi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra, egbò kan sì wà ní gìgísẹ̀ wọn tí ó kọ̀ tí kò san. Ilé-ìwòsàn àdúgbò wa ló ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Kò jìnnà rárá. Èèyàn á kọjá níwájú ẹni tó ń tún bàtà ṣe, á yà sọ́wọ́ òsì, ó débẹ̀ nìyẹn. Màámi á fi igi ìtilẹ̀ wọn rọra rìn lọ, nọ́ọ̀sì àgbà á tú báńdéèjì, á fọ egbò, á tún un dì. Obìnrin yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó sọ ọ́ lójú wa ní gbangba pé, “Tẹ́ ẹ bá ń gbé wọn wá déédéé, á jinná. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹsẹ̀ yìí máa lọ.” Ilé-ìwòsàn ńlá wà ní ìpẹ̀kun ìlú, bọ́ọ̀sì kan á gbé èèyàn, òmíràn á tún gbé e, àtẹ̀gùn sì wà níbẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Màámi ò lè dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí a fi débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí a bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Káńsù ní bí oṣù bá ti parí, wọ́n máa ti ilé-ìwòsàn náà pa. Wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó tún un kà. Màámi bèèrè pé kí ni wọ́n kọ. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, Màámi, ẹ jẹ́ ká wọlé.” Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí irin géètì yẹn. Ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu.

Tísà kan wà ní òdìkejì títì wa, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ létòlétò. Òun ló pe ìpàdé, òun ló ní ká dá gúrúùpù sílẹ̀ fún gbogbo àwọn tó ń lo ilé-ìwòsàn náà. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ fóònù, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ló bá a dá a sílẹ̀. Fọ́tò tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló fi ṣe ojú gúrúùpù tuntun yìí náà, fọ́tò téèpù kan náà yẹn. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Kò sì pẹ́ tí gúrúùpù fi kún fún àwòrán òdòdó àti “ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ tuntun”, ọkùnrin kan tilẹ̀ ń polówó tìmùtìmù níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀, orí ló yọ mí.

Tísà gbé èrò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn káńsẹ́lọ̀ máa jókòó ìpàdé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní ká pàdé níwájú ọ́fíìsì wọn láàárọ̀, ká má pariwo rẹ̀ ṣáájú, nítorí tí wọ́n bá gbọ́, géètì ni wọ́n máa tì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù bó bá ku ọ̀la. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ èkejì.

“Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò egbò Màmá,” ó ní. “Tí àwọn èèyàn bá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àánú á ṣe wọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Tísà, ẹ má bínú sí mi. Ẹsẹ̀ ìyá mi kọ́ ni gbogbo ayé á máa fi ìka tì sókè tì sísàlẹ̀. Ẹ wá nǹkan mìíràn.”

Tísà ò jiyàn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn pákó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ọjọ́rú, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn mi rèé. Ohun tẹ́ ẹ ti ń retí látọjọ́ yìí ti dé. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí gbogbo wa pàdé níwájú ọ́fíìsì káńsù. Kò sí àwáwí mọ́. Ẹ má pariwo ẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa bọ̀.” Ó fi ránṣẹ́, ó ju fóònù sínú dúrọ́ọ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kóòtù ọkọ ìyàwó kan ló wà lórí máṣíìnì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé tó bá ti ń rán kóòtù, ilé lè jó kó má mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, a jọ lọ. Tísà nìkan la bá níwájú káńsù, ó wọ kóòtù, ó gbé páálí kan tó kọ ọ̀rọ̀ sí dání, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kó fara balẹ̀, pé èèyàn ò tíì jí tán.

Ni èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ títì yọ, ẹ̀rín lẹ́nu wọn, báàgì tó ṣófo lọ́wọ́ wọn. Mo rí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Ìyàwó náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ìyá ìyàwó kan tí gáùn rẹ̀ kò tíì jáde, mo rí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, mo rí àwọn tí mo ti rò pé wọ́n ti gba kámú. Ara mi bù máṣọ.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o!” awakọ̀ kígbe. “Ibo lẹ kó wọn sí?”

“Kí ni?” ẹ̀gbọ́n mi bi í.

“Àwọn aṣọ! Ṣebí ẹ ní ohun tá a ti ń retí ti dé? Ẹ ní kò sí àwáwí mọ́!”

Mo gba fóònù ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i. Gúrúùpù oníbàárà ni ohùn yẹn wà. Téèpù jọ téèpù. Lábẹ́ rẹ̀, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀: àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn kan ti fi ṣọwọ́ sí àwọn tó ti kó kúrò ní ìlú pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá gba tiwọn. Ẹni kan kọ ọ́ pé òun ti gbàgbọ́ nínú iṣẹ́ ìyanu báyìí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kò sí onígbàjámọ̀ tí kò mọ bí inú ṣe ń bí ẹni tí wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ ṣeré.

Èmi ì bá sá. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ̀gbọ́n mi wo fóònù, ó wo èrò, ó sì gun àtẹ̀gùn iwájú káńsù lọ. Mo gbé fóònù tèmi sókè, mo tẹ láìfù tó ń gbé fídíò jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é.

“Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi,” ó ní. “Aṣọ yín ò sí níbí. Ẹlòmíràn ni mo fẹ́ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí, mo ṣi gúrúùpù. Ẹ má bínú.”

Ariwo sọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ó tún ti dé. Àwọn kan yí padà, wọ́n ń lọ. Kò bá wọn bínú. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ohun tó gbé mi wá síbí ni ilé-ìwòsàn wa. Wọ́n fẹ́ tì í pa, wọ́n fẹ́ fi gbé mọ́tò sí. Ìyá mi ní egbò lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá tì í, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn, ìyá mi ò sì lè dé ibòmíràn. Mo mọ̀ pé mo jẹ yín láṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ, kó máa lọ, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá lè bá mi dúró, kó jọ̀ọ́, kó bá mi dúró.”

Ìyàwó awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. “Ibẹ̀ ni mo bí èyí sí,” ó ní. “Nọ́ọ̀sì yẹn ló dì mí mú.”

Ọkọ rẹ̀ họ orí. Ó wo báàgì tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò. “Àǹtí, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò mi ò tíì tán o. Èmi àtiyín ṣì máa jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ lè dúró. Ẹsẹ̀ ìyá ò lè dúró.”

Èrò dáhùn. Ẹnì kan tún un sọ, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo iwájú káńsù fi ń pariwo rẹ̀: aṣọ lè dúró, ẹsẹ̀ ò lè dúró! Àwọn tó ti ń lọ padà wá. Tísà tilẹ̀ gbé páálí rẹ̀ dé orí. Ọkùnrin onítáì kan jáde láti inú ọ́fíìsì, ó ní ká lọ kọ lẹ́tà, pé wọ́n á gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n hó lé e lórí, ó sì yára wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, orí fóònù ló ti ṣẹlẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i. Fídíò yẹn kúrò lọ́wọ́ mi, ó di ti gbogbo ayé. Obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí, ní ìlú tí a ò dé rí, ká aṣọ tó ti gbà padà láìrán lọ́wọ́ télọ̀ tirẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì, ó kọ #AṣọLèDúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, aṣọ kíká ló kún íńtánẹ́ẹ̀tì: aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ lórí itan, aṣọ lórí ìjókòó mọ́tò. Àṣé kò sí ibi tí télọ̀ kì í ti í pẹ́! Àwọn tí wọ́n bí sí ilé-ìwòsàn wa ń fi fọ́tò ara wọn síta láti òkè òkun, wọ́n ń kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ilé ayé àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Tísà ń fi ìka kan rẹ̀ dá àwọn èèyàn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gbàgbé àmì ìdánudúró kan. Kò sí fọ́tò egbò kankan nínú gbogbo rẹ̀.

Káńsù náà ò káwọ́ gbera. Ojú-ìwé kan tí kò lórúkọ yọ jáde, ó ní olè aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, pé ó ti ta aṣọ oníbàárà, pé ẹjọ́ ló ń sá fún tó fi ń pariwo ilé-ìwòsàn. Agbẹnusọ káńsù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí rédíò. Àwọn tó ń pín #AṣọLèDúró bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ṣé òótọ́ ni. Àwọn kan pa tiwọn rẹ́. Oṣù ti ń lọ sópin, ìwé yẹn ṣì wà lára géètì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí máṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ lè ní ó máa ń pẹ́ jù, ẹ lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n olè! Ó dùn ún wọnú egungun. Tísà ní ká kọ èsì tó gún régé. Ó mi orí.

“Àbúrò mi,” ó ní, “gbé fóònù ẹ wá. Tẹ láìfù yẹn.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ kúrò lára ògiri, ó ń gbé e síwájú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èyí ti obìnrin báńkì ni. Apá kan ló kù. Ṣòkòtò awakọ̀ rèé, ẹ wò ó, síìpù ló kù, mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Gáùn ìyá ìyàwó rèé, ojú rírán ẹ̀yìn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.” Bó ṣe ń gbé wọn sókè ni èsì ń wọlé. Tèmi ni, mo rí i. Tèmi náà nìyẹn. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tèmi náà hàn. Ó gbé gbogbo rẹ̀ hàn, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀, èmi sì ń yí ọwọ́ padà kí fóònù má bàa já bọ́.

Nígbà tó parí, ó wo fóònù tààrà. “Mo máa ń pẹ́,” ó ní. “Gbogbo yín lẹ mọ̀. Mi ò jalè rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti kó o síta, mo sì ti sọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ó wá kan ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀. Ta ló ní kí wọ́n ti ilé-ìwòsàn wa pa nínú yín? Kí onítọ̀hún jáde, kó ní òun ni.”

Orí mi wú. Mi ò ní purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

Ìbéèrè yẹn ló ká wọn mọ́. Àwọn èèyàn lọ bá káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú-ìwé tirẹ̀, wọ́n ń fi sùúrù bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin ni?” Kò sí èébú, kò sí ìhàlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Káńsẹ́lọ̀ kan kọ ọ́ pé òun ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Òmíràn ní òun ti ta kò ó látilẹ̀. Nígbà tó ṣe, gbogbo wọn ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìpinnu ti wá, àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló lẹ ìwé mọ́ géètì. Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n sì fagi lé e. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló wá já ìwé yẹn kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀ tó ń wò ó títí tó fi já gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù tuntun, ọjọ́ tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà ní títì, èmi ni mo mú Màámi lọ fọ egbò. Èrò ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tó jókòó tì wá wá láti àdúgbò mìíràn, ó ní fóònù lòun ti gbọ́ nípa ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún àwọn tó yí i ká, bí aránṣọ kan ṣe gun àtẹ̀gùn káńsù, bó ṣe kó aṣọ síta kí ayé rí i.

“Mo fẹ́ fojú kan obìnrin yẹn,” ó ní. “Ta ni ín gan-an?”

Màámi kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń wojú ilẹ̀ ni títí tó fi máa kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì síwájú kí gbogbo bẹ́ǹṣì lè rí i.

“Ẹsẹ̀ náà rèé,” wọ́n ní. “Èmi ni mo bí i.”

Nọ́ọ̀sì pe ẹni tó kàn. Mo na ọwọ́ sí wọn láti gbé wọn dìde. Màámi ò gbà á. Wọ́n fúnra wọn dìde, wọ́n sì rìn wọlé.